Ibi Tí Ike Ti Ń Ṣẹ́

Bí páálí ike àtòpọ̀ bá dé ọwọ́ mi, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń gbá a létí. Mi ò ṣeré. Màá gbé e dúró lórí tábìlì, màá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí mo bá wá gbọ́ tí inú rẹ̀ ń ró wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ bí àgbàdo gbígbẹ nínú agolo, mo ti mọ̀ pé àwọn ègé inú rẹ̀ ti já kúrò lára ẹ̀ka wọn, wọ́n sì ti ń kọ lu ara wọn láti Ṣáínà títí dé Àkúrẹ́. Olówó pọ́ọ́kú ni mò ń sọ o. Èyí tó wọ́n, àwọn tó ṣe é ti fara balẹ̀ ṣe é, kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ bá a jà sí. Olówó pọ́ọ́kú ni ọ̀tá mi, òun náà sì ni mo fẹ́ràn.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí mò ń wí, kó má bínú. Ike àtòpọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ ojú omi tàbí táńkì ogun kékeré tí wọ́n fi ike ṣe ní wẹ́wẹ́. Ẹni tó rà á ló máa fi abẹ gé àwọn ègé náà, tó máa fi gúlù lẹ̀ wọ́n pọ̀, tó máa kùn wọ́n ní ọ̀dà títí wọn á fi jọ ojúlówó. Olùkọ́ ni mí ní Àkúrẹ́, àwòrán ẹ̀rọ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ilé ìyá mi ní àdúgbò Ìjọ́kà ni mò ń gbé nígbà tí gbogbo èyí ṣẹlẹ̀. Ohun tí àwọn ọkùnrin míì ń ná sórí bọ́ọ̀lù àti ọtí, orí ike ni mò ń ná tèmi lé. Àwa kan wà tí a jọ wà lórí Wásáàpù, láti Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ títí dé Ìkàrẹ́, èmi ni wọ́n sì máa ń fi àwòrán páálí ránṣẹ́ sí kí wọ́n tó rà á. Ohun tí mo bá wí, abẹ gé e.

Lẹ́yìn ìgbájú, ó kan ẹ̀ka. Ẹ̀ka ni férémù tí àwọn ègé náà so mọ́. Màá gé díẹ̀ níbẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́ títí á fi ṣẹ́. Ike gidi máa kọ́kọ́ tẹ̀, ojú ibi tó ti tẹ̀ á funfun, kó tó wá dún "kẹ́". Ike burúkú ò ní dúró gba ìyà: ó máa fọ́ bí bísíkíìtì, tàbí kó máa lọ́ kiri bí ṣingọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà màá mú apá ara ọkọ̀ méjèèjì, màá fún wọn mọ́ra, màá gbé wọn sójú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín wọn kọjá, èpè ni. Màá wo etí àwọn ègé: bí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá yọ sí wọn lára bí awọ orí ògì tó ti tutù, mọ́ọ̀lù tí wọ́n ń da ike gbígbóná sí ti darúgbó, àwọn tó ni ín ò sì lójútì. Gíláàsì ojú awakọ̀, màá gbé e lé orí ìwé ìròyìn. Bí mi ò bá lè ka lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ni awakọ̀ fẹ́ rí? Ibi tí ike bá ti nípọn, màá fi èékánná wá a bóyá ó ti rì wọnú. Ṣùgbọ́n páálí gan-an ló máa ń bí mi nínú jù. Nínú àwòrán ara páálí, iná ń jó, ìbọn ń dún, òfurufú pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ẹ wá ṣí i, ohun tó wà nínú rẹ̀ jọ ọ̀pọ̀lọ́ tí mọ́tò tẹ̀.

Èyí tó bá kùnà, mi ò kì í tà á fún ẹlòmíì. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbé e lọ. Màá tò ó sórí òkúta tí a fi ń fọṣọ, màá mú ọmọ odó ìyá mi, màá sì lù ú. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo bá ṣe ń lù ú. "Ìwọ lo ní ìyẹ́? Ìwọ lo fẹ́ fò?" Ìyẹ́ á fò, táyà á fò, ìbọn á fò wọnú ilé aládùúgbò wa. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń gbé ẹ̀yìn wa sáré dé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ó rò pé mò ń pa olè. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Má dá a lóhùn, jàre," ni ìyá mi wí. "Uke ni ó ń lù."

Ìyá mi, àbúrò mi obìnrin àti èmi ló wà nínú ilé yẹn. Baba wa ti kú. Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, òun nìkan sì ni èèyàn tí mo mọ̀ tí inú mi lè máa ru kó máa rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ń gún ike lọ́wọ́, ó máa yọjú láti fèrèsé ilé ìdáná, á ní, "Bọ̀dá mi, ó ti kú o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sin ín." Ìbínú mi á sì já.

Orí ike yìí náà ni ọkọ rẹ̀ gbà wọ ilé wa. Ọmọ Oǹdó ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì níbẹ̀, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ wa lórí Wásáàpù. Ó máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi, ó sì máa ń dúpẹ́ dáadáa, kì í ṣe bí àwọn tó kù tí wọ́n á kàn fi àtàǹpàkò hàn mí. Ní Sátidé kan, ó kó páálí mẹ́ta wá láti Oǹdó kí n bá òun yẹ̀ wọ́n wò lójúkojú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, gbogbo àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Àbúrò mi gbé omi fún un. Mo gbá àwọn páálí náà létí, mo kọ méjì, mo gba ọ̀kan, mo rò pé ìdí tó ṣe wá nìyẹn. Nígbà tó fi máa di ìgbà kẹrin tó wá, kò gbé páálí dání mọ́.

Níbi tí a ti wá, a kì í fi ọmọ fọ́kọ láìṣe ìwádìí. Wọ́n á rán èèyàn lọ sí àdúgbò ọmọkùnrin náà, á bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè: ṣé wèrè wà ní ìdílé wọn? Ṣé wọn kì í fẹ́wọ́? Ṣé wọn kì í lu obìnrin? Ẹni tí àwọn àna ò mọ̀ ni wọ́n sábà máa ń rán. Ṣùgbọ́n ìyá mi gbọ́n, tàbí kó rò pé òun gbọ́n. Ó ní èmi ni kí n lọ, torí bí mo bá wọ ilé rẹ̀ tí mò ń tú àwọn nǹkan rẹ̀ wò, kò ní fura, ike ni wọ́n máa rò pé mo bá wá.

Mo wọ básù lọ sí Oǹdó. Mo kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ màmá kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Oǹdó gidi. Mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo bi í léèrè.

"Ọma rere ni," ni màmá wí. "Ó ń kí ni dáadáa. Kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì."

"Màmá, ṣé kì í bínú?"

Màmá wo bàtà ara rẹ̀. "Ta ni kì í bínú? Ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà fún àwọn ọma wa."

Mo dúpẹ́, mo sọdá. Ọkùnrin náà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní kóbọ́ọ̀dù onígíláàsì kan ní pálọ̀, inú rẹ̀ kún fún ọkọ̀ òfurufú, ìlà-ìlà, gbogbo wọn dán, àwọ̀ wọn tutù lójú. Mo jowú. Ó ní kí n fara balẹ̀ wò wọ́n, òun fẹ́ ra mínírà fún mi ní ìsàlẹ̀. Bó ṣe jáde ni mo ṣí kóbọ́ọ̀dù, mo mú ọ̀kan, mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo yí inú rẹ̀ sókè.

Ìlà kan gba abẹ́ ọ̀dà kọjá ní àárín ìyẹ́ rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ẹni tí kò bá mọ ike ò lè rí i. Mo mú òmíràn: ìlà wà ní àárín ara rẹ̀. Mo mú ẹ̀kẹta, mo mú ẹ̀kẹrin. Bákan náà ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ike tó bá já bọ́ láti orí tábìlì, ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ti máa ń ṣẹ́: ẹsẹ̀ táyà, ẹnu ìbọn, ìrù. Ike tí wọn ò ṣe dáadáa, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ ló ti máa ń yà. Ṣùgbọ́n àárín ìyẹ́ ló nípọn jù, àárín ara ló le jù. Kò sí ohun tó ń ṣẹ́ ike níbẹ̀ àyàfi ògiri, gìgísẹ̀ tàbí ẹ̀ṣẹ́. Èmi tí mò ń fi ọmọ odó fọ́ ọ, ta ló fẹ́ sọ fún mi? Ó ti fọ́ gbogbo wọn. Ó sì ti tún gbogbo wọn ṣe.

Ó wọlé bá mi pẹ̀lú ìgò mínírà méjì. Ó rí èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ojú yín mú o, Bọ̀dá mi. Kò sẹ́ni tó rí i rí."

"Kí ló ṣe é?"

"Ike burúkú ni. Ìyẹ́ ò wọlé síbi tó yẹ kó wọ̀. Ó mú mi bínú." Ó gbà á lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi ìka ra ojú ibẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ wo bí mo ṣe tún un ṣe. Mo yọ́ ẹ̀ka rẹ̀ nínú omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, mo fi dí i, mo fi sáńpépà họ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Iṣẹ́ náà dára. Kí n má purọ́, mi ò rí àtúnṣe tó dà bẹ́ẹ̀ rí, láti ìgbà tí mo ti ń tò ó.

Mo padà sí Àkúrẹ́, mo sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n má fún un lọ́mọ. Mo ní ìbínú ọkùnrin yẹn máa ń ru, bí ó bá ru, ó ń fọ́ nǹkan. Ìyá mi ń gbọ́ mi, ó ń bó iṣu lọ.

"Kí ló fọ́?"

"Ọkọ̀ òfurufú rẹ̀. Gbogbo wọn."

"Uke?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ike."

Ìyá mi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọmọ odó mi tó sán lẹ́nu, ta ló sán an? Bí àwọn èèyàn kan bá wá ṣe ìwádìí tìrẹ nínú ulé yìí lọ́la, kí ni mo fẹ́ wí fún wọn? Kí n ní ìbínú ọmọ mi ń ru, kí wọ́n má fún un níyàwó?"

Àbúrò mi jáde láti ilé ìdáná, ó ń rẹ́rìn-ín, ó jókòó ti ìyá wa. "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin náà ẹ̀ ń fọ́ ọ. Ṣé ẹ ti nà mí rí?"

"Rárá."

"Ó parí."

Mo ní kò parí. Mo ní èmi, bí mo bá fọ́ ọ, mo dà á nù, ojú mi ò fẹ́ rí i mọ́. Òun fọ́ ọ, ó lẹ̀ ẹ́, ó kùn ún, ó gbé e sínú gíláàsì kí àlejò máa yìn ín. Mo ní ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ìyá mi. Ẹni tó máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Wọ́n wo ọrùn mi, wọn ò rí aṣọ kankan níbẹ̀. Inú bí mi débi pé mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fọ́ ike tí kò ní ẹ̀sùn kankan lọ́rùn.

Wọ́n ṣègbéyàwó. Ọ́fíìsì àbúrò mi gbé e lọ sí ẹ̀ka wọn ní Oǹdó. Oṣù díẹ̀ kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi. Àwòrán ike tó fọ́ ni, láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo bi í pé kí ló ṣe é, ó ní ó já bọ́. Mo wò ó, mo mọ̀ pé kò já bọ́. Ó ti lu ògiri. Nígbà kejì, mi ò bi í. Ojú gìgísẹ̀ wà lára ike yẹn kedere, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé. Ó wá yé mi pé àbúrò mi mọ̀ pé èmi máa mọ̀. Kò lè fi ẹnu sọ ọ́, ọkọ rẹ̀ ń yẹ fóònù rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ta ló máa bínú pé ìyàwó fi àwòrán ike ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ràn ike? Mò ń ka àwọn àwòrán náà nínú yàrá mi ní Ìjọ́kà, eyín mi ń pa ara wọn. Ògiri. Gìgísẹ̀. Etí tábìlì. Lọ́jọ́ kan, ó ya àwòrán náà nílẹ̀, apá kan ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ bọ́ sínú rẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ náà wú, ó dúdú bí ẹ̀dọ̀.

Mo fi han ìyá mi. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ kejì, ó sun ibẹ̀, ó padà wá sọ pé àbúrò mi ní òun yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ni. "Ó bojú mi wò, ó purọ́ fún mi," ni ìyá mi wí, ó sì ń sunkún.

Èmi náà lọ. Mo gbé ọkọ̀ mi tó ti gbó, mo gba Ọ̀wẹ́nà kọjá, mò ń lu sítíárín ní gbogbo ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ ò sí nílé. Àbúrò mi ò jẹ́ kí n wọlé, ẹnu géètì ló ti bá mi sọ̀rọ̀, ó ń wo ọ̀nà.

"Ó ní bí mo bá lọ, òun á pa mí," ni àbúrò mi wí. "Ó máa ṣe é, Bọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ kí n fọgbọ́n ṣe é. Mo ti ń kó aṣọ mi lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan ní ọ́fíìsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti kọ̀wé kí wọ́n dá mi padà sí Àkúrẹ́. Bí mo bá ti ṣe tán, màá pè yín. Kí ẹ gbé mọ́tò wá, kí ẹ gbé mi, ká máa lọ."

"Màá lù ú lálùbami."

"Ẹ ò ní lù ú." Ó di ọwọ́ mi mú láàárín irin géètì. "Ẹ gbọ́. Bí ẹ bá lù ú, ẹ̀yin máa padà sílé yín, èmi ló máa kù sí i lọ́wọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ò ju ẹyọ kan yìí lọ."

Mo ṣèlérí fún un. Mo fi baba wa búra.

Ó pè ní ọ̀sán Sátidé kan. Mo wà nídìí tábìlì mi, mò ń gé ègé kúrò lára ẹ̀ka. Ohùn rẹ̀ ò mì. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ máa bọ̀," ó sì pa fóònù. Mi ò rántí ọ̀nà yẹn. Mo rántí pé ọkọ̀ agbégi kan ya mí sílẹ̀ ní Bólórúndúró, mo sì gbàdúrà kó gbókìtì.

Géètì wà ní ṣíṣí. Àbúrò mi jókòó lórí báàgì rẹ̀ nínú pálọ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan ti wú títí dé etí, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí iwájú bùláòsì rẹ̀. Ó rí mi, ó dìde, ó gbé báàgì. Ohun tó kù ò ju kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ká jáde. Mọ́tò ń bẹ níta, mi ò pa á.

Ọkọ rẹ̀ wà nílẹ̀ lójú kápẹ́ẹ̀tì. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó gbé ọkọ̀ òfurufú kan tó fọ́ sórí rẹ̀, ó ti fi pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ di apá kan pọ̀, ó ń fi igi ìtayín fa gúlù sí èkejì. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ̀ wà ní ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá mi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi wo ike yìí." Ó na ìyẹ́ náà sí mi. "Ṣé ike burúkú kọ́ ni? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ló dá ìjà sílẹ̀."

Àbúrò mi fa apá mi. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Mo gbà á wò. Ọlọ́run ló mọ ìdí tí mo fi gbà á. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ funfun bíi ṣọ́ọ̀kì, ó fẹ̀, ó sì rí gbágungbàgun. Ó ti tẹ̀, ó ti tẹ̀ gan-an, ó ti fara dà á títí agbára rẹ̀ fi pin kó tó ṣẹ́. Ike tó dára jù tí mo ti rí lára olówó pọ́ọ́kú ni.

"Ike gidi ni," ni mo wí, mo sì fún un ní ẹ̀ṣẹ́ lẹ́nu.

Mo gbọ́ eyín. Ó ṣubú sẹ́yìn lórí ìwé ìròyìn rẹ̀, mo gun àyà rẹ̀, mo sì ń lù ú. Mo lu imú rẹ̀ títí tí kò fi jọ imú mọ́. Mo gbá orí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ó di ọ̀fun mi mú, mo ṣẹ́ ìka rẹ̀ kúrò níbẹ̀, mo sì lù ú sí i. Bí mo bá sọ pé inú mi bàjẹ́ bí mo ṣe ń ṣe é, irọ́ ni. Ó dùn mọ́ mi. Ó tutù mí lára bí omi òjò. Mò ń pariwo, mi ò mọ ohun tí mò ń wí, ìró ẹ̀ṣẹ́ nìkan ni mò ń gbọ́. Ohun kan di èjìká mi mú láti ẹ̀yìn, ó ń fà mí. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a dànù pẹ̀lú gbogbo agbára mi, mo sì padà sórí iṣẹ́ mi.

Ìró gíláàsì ló dá mi dúró.

Àbúrò mi ti wọ inú kóbọ́ọ̀dù yẹn lọ. Àwọn ọkọ̀ òfurufú ya bo orí rẹ̀, gíláàsì fọ́ yí i ká. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ara rẹ̀ ró kó lè dìde, ọwọ́ náà sì tẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ kì í tẹ̀ sí. Ó wò ó. Ọkùnrin yẹn ti lù ú ní gbogbo ibi tí èèyàn lè lù, kò ṣẹ́ eegun rẹ̀ kankan. Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ.

Mo dìde lórí ọkùnrin náà, mò ń lọ bá a. Ó fa ara rẹ̀ sẹ́yìn mọ́ ògiri, ó sì gbé ọwọ́ kejì sókè, ó fi bo ojú rẹ̀. Ó yára ṣe é, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe.

"Èmi ni," ni mo wí. "Èmi ni, àbúrò mi."

"Ẹ má sún mọ́ mi."

Màmá olùkọ́ àtijọ́ yẹn ti dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ará àdúgbò kún ẹ̀yìn rẹ̀. Màmá wo ọkùnrin tó dùbúlẹ̀, ó wò mí, ó wo ọwọ́ mi. Ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi gbé apá àbúrò mi kọ́ ọrùn rẹ̀. Mo fẹ́ gbé báàgì. Àbúrò mi ní kí n gbé e sílẹ̀.

"Mọ́tò wà níta," ni mo wí. "Jẹ́ kí n gbé ẹ lọ sí ọsibítù."

Ó bojú mi wò, ojú rẹ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. "Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo ti dìde, Bọ̀dá mi. Báàgì mi wà lọ́wọ́ mi."

Kéké ni òun àti màmá wọ̀ lọ sí ọsibítù. Mọ́tò mi ń kùn níta títí epo fi tán nínú rẹ̀, torí àwọn ọlọ́pàá ti mú èmi àti ọkọ rẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni rántí pa mọ́tò náà.

Àwọn àgbà ìdílé méjèèjì gbà wá sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe máa ń parí irú rẹ̀. Ìgbéyàwó tú ká. Ọkùnrin náà kó kúrò ní Oǹdó, wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ò lè pa dé dáadáa mọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Mi ò kábàámọ̀ lílù tí mo lù ú. Àwọn pásítọ̀ ti bá mi wí, ọ̀gá mi níléèwé ti bá mi wí, ohun kan náà ni mo sọ fún gbogbo wọn. Àbúrò mi nìkan ni mi ò tíì rí nǹkan sọ fún.

Ó dúró sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ títí ìwé rẹ̀ fi jáde, tí wọ́n dá a padà sí Àkúrẹ́. Ó wá rán iṣẹ́ sí ìyá wa pé òun fẹ́ wá sílé, ṣùgbọ́n òun ò lè bá mi sun abẹ́ òrùlé kan náà. Ìyá mi ò mọ bó ṣe máa sọ ọ́ fún mi. Ó gbé oúnjẹ ka iwájú mi, ó jókòó, ó ń ká etí ìró rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, mo lọ di ẹrù mi. Mo gba yàrá kan ní Ọdà lẹ́yìn ìlú, ibẹ̀ ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ń wọkọ̀ wá síléèwé. Àdéhùn wa ni pé bí mo bá fẹ́ wá kí ìyá mi, màá kọ́kọ́ pè, kí àbúrò mi lè jáde kí n tó dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná ò sí ní Ọdà, fóònù mi ti kú. Mo ra iṣu, mo gbé e wá fún ìyá mi láìpè. Àbúrò mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gé ilá. Ọwọ́ òsì ló fi mú ọ̀bẹ. Ó ti sanra díẹ̀, ojú rẹ̀ ti mọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ohun kan tí ìyá wa ń sọ láti inú ilé. Mo dúró. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

"Ẹ káàsán, Bọ̀dá mi," ni ó wí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe yẹ, ó kó ilá rẹ̀ sínú abọ́, ó wọlé, mo sì gbọ́ tí ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ìyá mi yọjú lójú fèrèsé. Ó wo iṣu tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo ilẹ̀kùn.

"Jókòó síta níbẹ̀," ni ìyá mi wí. "Màá na oúnjẹ rẹ sí ọ láti ojú fèrèsé."

Mo jókòó síta.